Ìka Mẹ́rin Lára Ọ̀pá Omi

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí kò bá rí àga, kí ó fa àpótí yẹn mọ́ra. Tọ́pẹ́, fi fóònù rẹ sápò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́. Mi ò tíì darúgbó, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì lè gun ọ̀pẹ méje kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, kò sì sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ibí dé Òṣóòró tó lè bá mi kọ ebè kí ẹ̀yìn má dùn ún ṣáájú tèmi. Píráìmárì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, síbẹ̀ àwọn tó kàwé gbogbo ń wá béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ohun kan wà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí yín, tí ẹ kò lè rí mọ́ láéláé. Kò kú fúnra rẹ̀. Èmi ni mo pa á. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ri agolo ìwọn òjò mọ́ inú ọgbà ilé ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní ọ̀dá kì í kan ilẹ̀kùn mọ́ kó tó wọlé. Ní àárín òjò gan-an ni òjò ń dá, àgbàdo á gbẹ lórí ìdúró, wọn kò sì ní mọ̀ ní ọ́fíìsì títí yóò fi bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ ẹnì kan tí yóò máa wo inú agolo yẹn láràárọ̀, tí yóò máa kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì tẹ̀ wọ́n láago. Ọ̀gá wọn ní ọjọ́ tí kò bá sí nǹkan kan nínú agolo gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ pariwo orúkọ mi. Ẹ ní, “Bàbá Kúnlé ni, òun ló wọn odò láyé àtijọ́.” Mo dìde, mo fẹ àyà, mo gba kọ́kọ́rọ́ ọgbà náà.

Ìyá Bọ́sẹ̀ sì nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi ṣe é. Iṣẹ́ ìyá mi ni.” Tọ́pẹ́ ní, “Ilé Ojú-ò-ríran ni yóò wá máa wọn òjò fún wa? Ìjì ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ pé ìrì ni.” Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, tèmi ló tilẹ̀ lọ sókè jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á wá kọ orúkọ ẹni tí yóò máa ṣe é sínú ìwé wọn. Bí mi ò bá lanu kí ọjọ́ náà tó pé, orúkọ ẹ̀gàn yẹn á di ti àwọn ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi yàgbẹ́, mi ò sì gbàgbé pẹ̀lú.

Odò Olómitútù ni gbogbo wa ń mu nígbà yẹn. Ẹ má wò ó bó ṣe rí báyìí, tí ẹ ń fi bàtà rékọjá rẹ̀ lóṣù kejì láìjẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ yín tutù. Lásìkò òjò, o lè wà lórí ẹní rẹ kí o máa gbọ́ ọ bó ṣe ń hó bí ìgbà tí wọ́n ń se ẹyìn. Bí ọyẹ́ bá dé, ohùn rẹ̀ á máa rẹlẹ̀, á máa rẹlẹ̀, títí á fi dà bí ìgbà tí ìyàwó méjì bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ wọn lẹ́yìn ilé. Lónìí ẹ̀rọ amúnáwá la ń gbọ́. Ẹni tó bá ní owó epo á fa omi kànga ẹlẹ́rọ, ẹni tí kò bá ní á ra ti inú ọ̀rá. Omi inú ọ̀rá dára, mi ò bú u. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń mu ún tó mọ̀ bóyá ibi tí wọ́n ti fà á ti fẹ́ẹ́ gbẹ.

Àwa mọ̀. Ọ̀pá kan wà. Ó ga dé àyà obìnrin, igi líle tí omi kì í jẹ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì dúdú kirikiri nítorí pé òkè àjà ilé ìdáná ló ń gbé. Wọ́n gé àmì mẹ́ta sí i lára. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ ibú tí a ti ń pọn omi mímu, orí òkúta náà ni ìdí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dúró lé. Ọwọ́ Yèyé Adétutù ló wà, òun ló bí Ìyá Bọ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé e fún un, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì gbé e fún ìyẹn.

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ọjà, Yèyé á sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, á ká ìró rẹ̀ sókè, á wọnú omi, á ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà á gòkè wá sí ẹ̀bá àgbá irin kan tó ti dípẹtà níbẹ̀, á fi ọ̀pá lù ú. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi ṣì dé àmì àárín, èyí tó bá orókún rẹ̀ dọ́gba, kálukú lè máa ṣe bó ṣe ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe pupuru sódò mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni pé mímu nìkan ló kù, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọṣọ. Bí àgbá náà bá dún, gbogbo ìlú á dákẹ́ kà á. Obìnrin tó ń gún nǹkan lọ́wọ́ á dá ọmọ odó dúró sókè. Mo rántí pé ẹni tó bá ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà pàápàá á ní, “Dúró ná, jẹ́ kí n gbọ́.”

Yèyé kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ọdún kan wà tí àgbá dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wòlíì ìjọ aláṣọ funfun kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ wá fún ìwẹ̀ àdúrà. Yèyé dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Wòlíì ní, “Yèyé, Ẹ̀mí ló rán wa.”

Yèyé ní, “Ẹ̀mí kò gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni àgbá dún? Padà lọ bi í.”

“Yèyé, àwọn èèyàn yìí nílò ìwẹ̀nùmọ́.”

“Kí wọ́n fi ẹnu jẹ́wọ́. Ìyẹn kò gba omi.”

Wòlíì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe àdúrà wọn ní òkè gbígbẹ, òjò sì rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Wòlíì ní àdúrà ni, Yèyé ní àsìkò ni. Títí wọ́n fi kú, wọn kò parí iyàn yẹn.

Ọdún tí mo fẹ́ gbé ìyàwó ni ọ̀rọ̀ mi ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Àyèká ni mo ti fẹ́ Ìyá Kúnlé. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí àwọn àna mi, bàbá rẹ̀ bi mí pé kí ni mo ní. Wọ́n ti gbọ́ pé mi ò kàwé. Inú bí mi. Mo ní, “Bàbá, lọ́jọ́ ìdána, pupuru tí èmi nìkan máa gbé wá, gbogbo àdúgbò yín ni yóò jẹ ẹ́ yó, wọ́n á sì tún di sílé.” Ẹnu mi ti gbọ̀nà yẹn lọ kí n tó bá a. Bàbá náà kàn mi orí. Ó ní, “Ojú wa yóò rí i.”

Ẹ̀gẹ́ wà lóko mi, mi ò parọ́. Oko ẹ̀gẹ́ tèmi ni wọ́n ń fi júwe ọ̀nà fún àlejò. Mo hú u kalẹ̀ ní ọjọ́ méjì, ó ga bí ahéré. Ìgbà tí mo parí ni ọ̀rẹ́ mi kan bá mi lóko tó ní, “Ìwọ, o kò rí bí odò ṣe rí ni? Lọ́jọ́ ọjà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbá máa dún.” Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìrẹ ẹ́ sómi, inú rẹ̀ á dúdú, a kò sì lè fi ṣe pupuru kankan mọ́. Mo lè lọ bẹ Yèyé. Mo lè lọ bá àna mi kí n sọ pé ọ̀dá dé. Ẹnu tí mo fi fọ́nnu ni mi ò lè fi bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún ìyá mi pé inú ń run mí. Mo mú ayùn kékeré kan. Mo wọ ilé ìdáná Yèyé Adétutù, mo gbé ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Mo fi ìka mẹ́rin wọn ìdí rẹ̀. Bí àwọn akọrin bá gbé orin sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá fa ayùn. Bí orin bá rẹlẹ̀, màá dúró. Orin ìyìn ni mo fi gé e. Mo sọ èyí tí mo gé kúrò sínú iná, mo fi epo àti dúdú ìdí ìkòkò pa ojú ibi tí mo gé, títí ó fi dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wọ́ pípé ni mí. Ẹ wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn yín yẹn, èmi ni mo kàn án. Mo dúró wo ọ̀pá náà nígbà tí mo parí, inú mi sì dùn pé kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ìdùnnú yẹn gan-an ló ń dùn mí jù lónìí.

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Bí ìdí ọ̀pá bá kúrú, àwọn àmì á sọ̀ kalẹ̀, omi tí kò dé àmì àárín á wá dà bíi pé ó ti kọjá rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, èmi ni mo kọ́kọ́ dé odò. Yèyé wọnú omi, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó wò ó. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìyá kan tó ń dúró de omi ní, “Yèyé, ṣé kò sí nǹkan?”

Yèyé ní, “Ọ̀pá ní omi ṣì pọ̀. Ẹsẹ̀ mi ní kò pọ̀.”

“Èwo wá ni ká gbà?”

Ó fa ọ̀pá yọ nínú omi. Ó ní, “Ọ̀pá kò parọ́ rí. Ẹsẹ̀ mi ló ń dàgbà.”

Ó gòkè, ó lu àgbá. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta pẹ́ kó tó dún. Mo ti mí kanlẹ̀ tán, mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ mi lérí.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rẹ ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ni mi ò ronú dé. Gbogbo ìlú gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ìlú sì sáré, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kún etí odò. Omi tí kò ṣàn dáadáa mọ́ ni gbogbo rẹ̀ kan sí. Ní ọjọ́ kẹrin, òórùn rẹ̀ ti dé inú ilé. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹja kéékèèké ń léfòó pẹ̀lú ikùn funfun lókè. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, láti ara ọmọdé dé ara arúgbó. Ọlọ́run ló ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò kú. Ìlútítun ni àwọn obìnrin ti ń ru omi wá fún oṣù kan gbáko, nínú oòrùn yẹn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Kúnlé náà rù ú, ìyàwó tuntun. Torí mo ṣe ìdána mi. Pupuru mi funfun, ó pọ̀, àwọn àna mi jẹ, wọ́n yìn mí.

Ọlọ́jà, olórí ìlú wa, pe ìpàdé. Omi ti fà lọ jìnnà nígbà yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó dé lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n bi Yèyé. Ó ní ohun tí òun rí ni òun lù. Ẹnì kan ní bóyá ojú ìyá ti ń di. Yèyé ní, “Ojú mi ríran.” Ọlọ́jà wo àyíká, ó ní, “Ta ló wà lódò láàárọ̀ yẹn?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tó dárúkọ mi. Mo lè jókòó. Èmi ni mo dìde. Ọ̀rọ̀ sísọ kì í wọ́n mi lẹ́nu, mo sì sọ ọ́ dáadáa. Mo ní, “Kábíyèsí, mo wà níbẹ̀. Mo rí Yèyé tó ń fi ọwọ́ táràrà wá àmì lára ọ̀pá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kì í bọ omi kó tó rí i.” Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, òtítọ́ ni. Mo fi òtítọ́ kékeré bo irọ́ ńlá, gbogbo wọn sì gbà á. Yèyé yíjú sí mi. Ó gbé ọ̀pá náà síwájú ọlọ́jà, ó sì gba ẹ̀yìn ìpàdé jáde.

Àwọn ọmọ tó ń ṣeré ló kọ́kọ́ pe ilé wọn ní Ojú-ò-ríran. Ó di ohun tí wọ́n fi ń júwe ilé. Yèyé kò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò yẹn mọ́ títí ó fi kú.

Èmi ni wọ́n gbé ọ̀pá fún, nítorí pé ojú mi mú. Mo gbé e délé, mo dá a sí méjì, mo fi dáná, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ̀n ọ́n wò. Mo gé òmíràn. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni mo fi wọn omi. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá lu àgbá yẹn, mi ò mọ ibi tí ó yẹ kí àmì wà gan-an. Mo fi í sílẹ̀. Mo ní kí la fẹ́ fi ṣe, ayé ti ń lajú. Ọdún tí odò wá gbẹ kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ẹnì kankan tó sọ fún wa pé ó ń bọ̀. A jí, a kò bá omi. Àwọn tó ń sọ pé èmi ni mo wọn odò láyé àtijọ́, ẹ̀ẹ̀rùn méjì yẹn ni wọ́n ń sọ.

Lánàá ni mo sọ ọ́ fún Ìyá Kúnlé. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ rí i pé èmi fúnra mi ni mo bu omi fún yín mu.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ní, “Bàbá Kúnlé, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe fọ́ńté ni?” Mo jókòó sílẹ̀, kì í ṣe lórí àga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bi mí pé, “Mélòó lẹ gé?”

Mo ní, “Ìka mẹ́rin.”

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìka mẹ́rin lé ìsàlẹ̀ orókún ara rẹ̀, ó wo ibẹ̀.

Ó ní, “Níbí ni ìyá mi sọ pé omi dé. Níbí gan-an. Ó máa ń fi hàn wá. Á ní, ‘Ẹsẹ̀ mi sọ fún mi, mi ò gbọ́.’ Lẹ́yìn náà á ní bóyá ẹsẹ̀ ló parọ́, bóyá ojú ni. Nígbà tó dàgbà, bí oúnjẹ bá gbóná, á ní kí n bá òun tọ́ ọ wò, òun kò mọ̀ bóyá ó gbóná. Bí òjò bá ń rọ̀ sí i lórí, á bi mí pé, ‘Ìwọ, ṣé òjò ń rọ̀?’ Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. A rò pé ogbó ni.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí.

Ó ní, “Ẹ dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Mi ò lè sọ pé mo dárí jì yín, torí mi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì má dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú kí ẹ máa sunkún, kí wọ́n wá yìn yín pé ẹ ṣe ọkùnrin. Mo mọ̀ yín. Àwọn tó ń pe ilé wa lórúkọ yẹn nísinsìnyí, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni. Àwọn ni kí ẹ lọ bá. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe gé e.”

Ẹ wá gbọ́ báyìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ju ogún lọ, òtítọ́ kò sì bá mi, èmi ni àárẹ̀ mú tí mo jókòó dè é. Ẹ má ṣàánú mi. Ẹ má sì rò pé nítorí pé mo sọ ọ́ tán, ó ti tán.

Kọ́kọ́rọ́ ọgbà agolo òjò nìyí. Mo fi í sórí tábìlì, mi ò ní fi ọwọ́ kàn án mọ́. Kí gbogbo yín gbé e lọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín. Kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé omi kò dé orókún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.